Awakọ̀, Géèmù Rẹ̀ àti Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Àbúrò mi ìkẹyìn kò pa ènìyàn rí. Gbólóhùn yìí ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí ó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì, òun náà ni ó sì máa ń fi parí rẹ̀, àfi bí ẹni pé gbogbo àwa yòókù ní àdúgbò ń pa ènìyàn kí a tó jẹun òwúrọ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù ní àgbọ̀n rẹ̀ títí ewú fi gba orí rẹ̀ ni ó ti ń gbé èrò láti ìlú dé ìlú. Òjò rọ̀, ọ̀nà bàjẹ́, táyà bẹ́, kò sí èrò kan tí ó ti inú ọkọ̀ rẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí gbogbo ayé fi gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí wa sọ ọ́, tí wọ́n ń pè é ní Awakọ̀. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni ó ti mọ bí ayé ṣe rí.

Bí ọkọ̀ bá kọjá ní títì, Awakọ̀ kì í gbé ojú sókè kí ó tó sọ ohun tí ó ń ṣe é. Yóò ní, "Ìyẹn ń jẹ ọ́ìlì," tàbí, "Ìyẹn ò ní dé ibi tó ń lọ," yóò sì máa mu tíì rẹ̀ lọ. Owó kì í sùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá dákú sójú ọ̀nà, òun ni yóò yọ owó táyà, kò sì ní béèrè rẹ̀ mọ́ láéláé. Nígbà tí iṣẹ́ fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ó kù fún un kò ju bọ́ọ̀sì kan, ọmọbìnrin kan, àti ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rẹ́ tí kò sí èyí tí ó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ padà sípò, ọwọ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún di ọ̀lẹ: bí o bá rán an níṣẹ́, yóò jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ní àkókò tí ó bá wù ú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Awakọ̀ ta bọ́ọ̀sì náà fún ọkùnrin kan ní òpópónà wa, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà nígbà kan, ó sì kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ní ilé mi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn kì í jẹ́ kí ó gbádùn ilé. Èmi nìkan ni mo ní àyè. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, mo sì ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí. Mo rò pé kò sí oríkunkun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe tí ojú mi kò tíì rí. Mo ṣì ń rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni bọ́ọ̀sì náà ní, ọ̀kan ṣoṣo ni Awakọ̀ sì fún ẹni tí ó rà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń lọ aṣọ lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí mo gbọ́ tí bọ́ọ̀sì náà ń tan ní ìta. Mo wòta. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní òdìkejì títì, ọṣẹ funfun gbòò ní àgbọ̀n rẹ̀. Ta wá ni ó wà nídìí sítíárìn? Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo fi bàtà ilé jáde, mo lọ dúró gbọn-in níwájú ọkọ̀ náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì lé imú rẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà lọ́nà. Mo kàn fẹ́ fi yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan ni."

"O kò pa ènìyàn rí, àbí?"

"N ò pa ènìyàn rí."

"Ó dára. Tẹ̀ ẹ́. Orí mi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Ó wò mí láti inú gíláàsì. Mo wo òun náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pa ọkọ̀ náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ń wọ́. Ṣùgbọ́n àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wọ̀. Mo na ọwọ́, ó ṣe bí ẹni pé kò rí ọwọ́.

Ẹni tí ó ni bọ́ọ̀sì ti sáré dé pẹ̀lú tówẹ̀lì ní ọrùn. Mo ní kí ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá mi ni wọ́n. Ṣé èmi ni mo máa wá já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́?"

"Nígbà náà, pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ."

"Wọ́n á ní mo lé wọn, Màmá."

Ó padà lọ fá irùngbọ̀n tí ó kù. Ọ̀wọ̀ dára, èmi náà sì gbà á títí ó fi sú mi ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ gun ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀, n kò mọ orúkọ tí a lè sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ni ó mú ọ̀nà àbáyọ wá láìmọ̀. Ó ti ra sítíárìn géèmù kan pẹ̀lú pẹ́dà méjì fún bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀sì ni: èrò ń wọlé, èrò ń bọ́ sílẹ̀, ojú ọ̀nà ń ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Nọ́ọ̀sì kéré sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan án, bọ́ọ̀sì náà ń rìn bí ìgbín, ó ń dúró, ó sì ń fò.

Awakọ̀ ní, "Ọkọ̀ yìí fẹ́ sáfíìsì." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tàn. Ó tó ìgbà díẹ̀ tí ojú náà ti tàn kẹ́yìn.

Mo pè é jókòó. Mo ní, "Bí a bá kó ẹ̀rọ tí ó lágbára jọ, tí géèmù yìí sì ń lọ bí ó ṣe yẹ, o ó gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi."

"Tó bá ṣiṣẹ́, mo gbà. Tí ò bá ṣiṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí ní kọ́kọ́rọ́ mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Ẹ̀rọ tí a ti kó jọ tán ní ṣọ́ọ̀bù kọjá agbára wa. Ohun tí ó ṣe é ṣe ni kí a ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tuntun, èyí àlòkù, kí a sì tò ó fúnra wa. N kò bẹ̀rù èyí. Mo kàwé nípa rẹ̀ títí ojú fi ro mí. Ohun tí mo bẹ̀rù ni ìdílé mi, nítorí àwa ní àṣà kan tí ó le ju irin lọ: ẹnì kan, ẹrù kan. Nítorí pé owó kì í sùn lọ́wọ́ Awakọ̀, a kì í dá owó jọ fún un. Olúkúlùkù ni yóò lọ ra ohun kan wá fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ yọjú sí i. Báyìí ni a ṣe kọ́ ilé bàbá wa. Èmi ra férémù balùwẹ̀, Oníṣirò, àbúrò mi ọkùnrin tí ó tẹ̀lé mi, ra ilẹ̀kùn, wọn kò sì bá ara wọn mu. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń wẹ̀ ní ilé náà ní láti máa kọrin, kí àwọn tí ó wà ní pálọ̀ lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n kọjú sí ògiri.

Oníṣirò ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ayọ̀ kan ṣoṣo tí ó sì kù fún un láyé ni kí ó ra nǹkan ní iye tí ó kéré sí iye tí ìwọ rà á.

Mo pe òun àti Nọ́ọ̀sì jọ sí pálọ̀ mi. Mo ṣàlàyé pé káàdì àwòrán ni ó ń ya ojú ọ̀nà, òun ni ó yẹ kí ó gba ìpín tí ó pọ̀ jù. Pé páwà ni ó ń pín iná fún àwọn yòókù, a kò sì gbọdọ̀ ra gbàrọgùdù rẹ̀. Pé àpótí tí a ń kó gbogbo rẹ̀ sí ni kí ó kẹ́yìn, nítorí àpótí kì í wa ọkọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, mo ní kí ẹnì kan ṣoṣo ra bọ́ọ̀dù àti ọpọlọ ẹ̀rọ papọ̀. Bọ́ọ̀dù ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé. Ọpọlọ sì ní ìjókòó tirẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí bí o ṣe lè fi ọpọlọ ìran kan sí ìjókòó ìran mìíràn.

Oníṣirò gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé-ìwé ti jáde o. Ẹnì kan, ẹrù kan. Mo mú bọ́ọ̀dù."

"Èmi mú ọpọlọ," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Mo mú káàdì àwòrán. Awakọ̀, ẹni tí a ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, ní òun yóò fi èyí tí ó kù nínú owó ọkọ̀ tí ó tà ra páwà àti àpótí.

Mo lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ kan tí ó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ, wáyà dorí kodò láti òkè dé ilẹ̀. Àga kan ni ó ní. Mo jókòó lórí rẹ̀.

"Màmá, ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ ra káàdì yìí fún?"

"Àbúrò mi ni. Tan án kí n rí i."

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá. Ẹ gbà mí gbọ́."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Tan án."

Ó tan án. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó gbóná, mo sì dúró títí ó fi gbóná, tí àwọn oníbàárà mìíràn ń wò mí bí ẹni ń wo ọkọ̀ tí ó kú sójú ọ̀nà.

"Ẹ fẹ́ràn wàhálà o, Màmá," ni ẹlẹ́rọ wí.

"Òun ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì."

Nígbà tí ó kan Awakọ̀, mo tẹ̀lé e padà síbẹ̀. Bí n kò bá tẹ̀lé e ni, ẹ̀jẹ̀ mi kì bá ti ru. Kò wo páwà rárá. Ó ti rí àpótí onígíláàsì kan tí iná ń yí nínú rẹ̀, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Ó fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń yẹ ọkọ̀ àlòkù wò, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó pa á dé, ó tẹ́tí.

"Ẹ gbọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kò pariwo rárá."

"Awakọ̀, páwà ni a wá rà."

"Ọkọ̀ tí ò níná, ta ló máa wọ̀ ọ́?"

"Ta ni yóò wọ inú kọ̀ǹpútà?"

Kí n tó yí ojú sí ẹlẹ́rọ, ó ti sanwó. Gbogbo ìpín rẹ̀ ni. Èmi ni mo ra páwà, gíláàsì ojú mi tuntun sì di ọ̀rọ̀ ìgbà mìíràn.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ tò ó, gbogbo wa pé sí ìdí tábìlì oúnjẹ mi. Oníṣirò gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó ti rà á lára ẹrù ọ́fíìsì kan tí wọ́n tì pa.

"Ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ni mo fi rà á. Ìdajì."

Nọ́ọ̀sì ṣí páálí ọpọlọ tirẹ̀, tuntun ni, ó ń dán. Mo wo ọpọlọ, mo wo ìjókòó rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, mo sì gbé irin tí mo fẹ́ fi de nọ́ọ̀tì sílẹ̀.

"Kò lè wọ̀ ọ́," ni mo wí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀," ni Oníṣirò wí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá Àgbà, kì í ṣe bàtà o."

"Nígbà náà, lọ pààrọ̀ tìrẹ."

"Wọn kì í gbà á padà tí a bá ti ṣí i, sà. Tèmi sì ni tuntun. Ti ayé àtijọ́ lẹ rà."

"Bọ́ọ̀dù ti jókòó kí ọpọlọ tó dé. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń wá àga tó bá a mu. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn."

Mo rán wọn létí pé mo ti wí i. Awakọ̀ nìkan ni ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ilẹ̀kùn ilé bàbá wa rèé," ni ó wí. Ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ náà ketekete.

Láti ọjọ́ náà, orí itan ni mo ti ń jẹun, nítorí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ti gba tábìlì mi. Oníṣirò ń pè mí lórí fóònù láti fi ẹjọ́ Nọ́ọ̀sì sùn. Bí ó bá ti gbé e sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì a pè. Mo ní kí Awakọ̀ jẹ́ kí a ta àpótí oníná rẹ̀, kí a fi ra bọ́ọ̀dù tí ó yẹ. Ó ní bí a óò bá ta á, kí a kọ́kọ́ ta òun. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni ó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí ó ń wo bọ́ọ̀sì náà bí ó ṣe ń darí dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àga náà ṣófo.

N kò sáré. Bí mo bá sáré, inú yóò bí mi jù. Mo bá a nídìí sítíárìn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo gòkè, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní àga èrò.

"N ò tíì kì í bọ̀ ọ́," ni ó wí.

"Mo rí i."

"Gbogbo wọn ń sáré jù báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ìyẹn." Ọkọ̀ kan ti kọjá fìrì. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ bá mi ta àpótí yẹn."

"Ìwọ ni o ní kò sí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ tí kò níná."

"Ẹnu lásán ni. Èrò kì í wọ ọkọ̀ torí iná. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ torí pé ó ń lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó àpótí oníná àti bọ́ọ̀dù Oníṣirò lọ bá ẹlẹ́rọ. A fa ọ̀rọ̀ náà gùn, a fà á kúrú. Mo jókòó lórí àga rẹ̀ títí ó fi rí i pé n kò ní ibòmíràn tí mo ń lọ. Ó fún mi ní bọ́ọ̀dù tí ó bá ọpọlọ mu, ó sì fi àpótí dúdú kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọ inú lé e, bí ọkọ̀ tí tírélà fi ara gbún. Oníṣirò gbọ́ pé mo ti fi bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ láìbi í. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń kí mi bí ẹni ń kí agbowó-orí. N kò tọrọ àforíjì, n kò sì ní í tọrọ rẹ̀.

Mo to ẹ̀rọ náà fúnra mi, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Ó tan. Awakọ̀ wọlé lọ, ó jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ àti bàtà aláwọ. Ó jókòó, ó wo dígí ọ̀tún, ó wo dígí òsì. Bọ́ọ̀sì ń hó lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì gbéra.

"Bàbá mi, ẹ lè máa lọ," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn yẹn ò tíì jókòó."

Ó gbéra. Ọ̀nà ń ṣí sílẹ̀ geere, kò dúró, kò fò. Ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn dàbí ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìnàjò tí ó sì bá ilé bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Inú mi dùn, mo sì ti ń na ọwọ́ sí ọ̀nà kọ́kọ́rọ́ nínú ọkàn mi, nígbà tí obìnrin kan tí ó gbé báàgì bọ́ sí ojú títì níwájú rẹ̀.

Awakọ̀ rí i. Ó rí i ṣíwájú mi, nítorí mo gbọ́ tí ó ní "Jọ̀ọ́, dúró." Ó rán ẹsẹ̀ rẹ̀ sí bíréèkì. Ẹsẹ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ náà, ní àkókò tí ó wù ú.

Àwòrán dúró. Bọ́ọ̀sì ti gbá obìnrin náà.

"Mo rí i," ni Awakọ̀ wí. "Kó tó gbẹ́sẹ̀ ni mo ti rí i."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Géèmù ni, Bàbá mi. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibì kan náà, obìnrin náà tún bọ́ sójú títì, ẹsẹ̀ náà tún pẹ́. Awakọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni ń wo èrò tí ó wọ ọkọ̀ tí kò fẹ́ sanwó. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé e lé ọwọ́ àga mi. Kò mẹ́nu kan àdéhùn wa. Èmi náà kò mẹ́nu kàn án.

Mo gbé e lọ fún ẹni tí ó ni bọ́ọ̀sì. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, "Ṣé wọn ò bínú sí mi, Màmá?" Mo yí ẹ̀yìn padà, mo ń lọ sílé. Bí mo bá dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà kò ní dùn ún gbọ́.

Ní báyìí, Awakọ̀ ti gbé bíréèkì sí abẹ́ ẹsẹ̀ òsì, ó sì ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Èmi kò rí ìròyìn wò lórí tẹlifíṣọ̀n mi mọ́. Kò tún fi "N ò pa ènìyàn rí" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, ní òwúrọ̀ gbogbo, kí n tó fi ẹnu kan tíì mi, ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ nǹkan kan sí i o."